Òkúta òṣùpá àti ẹrù ìrìn-àjò òfuurufú: kí la lè rà, kí ló yẹ ká sá fún?

ỌmọÌyàmọ̀yè

Òkun o, gbogbo ilé. Ìbéèrè mẹ́ta ni mo gbé wá.

Èkíní: òkúta dúdú kan wà níbí, orí òkè Agbájà lẹ́bàá Lọ́kọ́jà ni wọ́n ti gbé e wá. Ó wúwo, mágnẹ́ẹ̀tì ń fà á, ara rẹ̀ sì kún fún hóró róbótó-róbótó bí ẹyin ẹja. Wọ́n ní ojú ọ̀run ló ti já bọ́. Ṣé òótọ́ ni?

Èkejì: ẹnì kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì ń ta ègé òkúta òṣùpá, mílígíráàmù 250, dọ́là 45, ó ní satífíkéètì wà pẹ̀lú rẹ̀. Ẹlòmíràn ń ta "eruku Apollo 11" nínú ìgò kékeré, dọ́là 60. Èwo ló ṣeé rà nínú méjèèjì?

Ẹ̀kẹta: dọ́là 100 ni gbogbo owó tó wà nílẹ̀. Kí la lè fi bẹ̀rẹ̀ àkójọ tó ní láárí?

ÒkútaÌsánlú

Òkun, àbúrò. Ká ti orí òkúta Agbájà bẹ̀rẹ̀, torí ilẹ̀ tiwa yìí kún fún òkúta tó ń tan èèyàn jẹ. Ìdàrọ́ wà káàkiri ibi tí àwọn àgbẹ̀dẹ àtijọ́ ti ń yọ́ irin. Yangí wà. Láti Ìsánlú dé Ẹ̀gbẹ̀, tantalite dúdú wà, tourmaline dúdú náà wà, wọ́n sì wúwo lọ́wọ́. Gbogbo wọn ni èèyàn ti ń pè ní òkúta ọ̀run.

Ìdánwò tí wàá ṣe nìyí. Kò gbà ju wákàtí kan lọ.

Mú àfọ́kù táìsì ilé ìwẹ̀, kí o dojú rẹ̀ dé, ẹ̀yìn rẹ̀ tí kò dán la fẹ́. Fi etí òkúta náà ya ìlà lé e, kí o tẹ̀ ẹ́ dáadáa bí ìgbà tí tíṣà ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ̀wé. Bí ìlà náà bá pupa tàbí tó rí bí àwọ̀ yangí, hematite tàbí goethite ni, òkúta irin ilẹ̀ ayé. Bó bá dúdú kirikiri, magnetite ni, òkúta irin mìíràn. Òkúta ọ̀run tí ìpẹtà kò tíì jẹ kì í sábà fi ìlà sílẹ̀ rárá, bó bá sì fi sílẹ̀, eérú fẹ́ẹ́rẹ́ ni. Èyí tó ti pẹ́ nínú ilẹ̀ lè fi ìlà pupa sílẹ̀ nítorí ìpẹtà ara rẹ̀, nítorí náà ibi tí o ti yún wọnú ni kí o fi ya ìlà, kì í ṣe èèpo rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, bu omi sí sáńpépà nọ́ńbà 120, kí o fi yún igun kan títí ojú ibẹ̀ yóò fi tó èékánná ọwọ́. Fi nọ́ńbà 400 dán an. Gbé e sínú oòrùn kí o máa yí i. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú òkúta ọ̀run tó wọ́pọ̀ ní irin gidi nínú, tó ń tàn bí fàdákà, hóró kéékèèké tó fọ́n káàkiri. Bó o bá rí ihò wẹ́wẹ́ bíi ti búrẹ́dì, ìdàrọ́ ni, má wulẹ̀ bá ìdánwò lọ mọ́.

Èyí tó gbẹ̀yìn ni ìwúwo. Òṣùwọ̀n àwọn tó ń ra góòlù ni kí o yá, èyí tó ń ka ìdá mẹ́wàá gíráàmù. Wọn òkúta náà ní gbígbẹ, kọ iye rẹ̀ sílẹ̀. Gbé ife omi lé orí òṣùwọ̀n, tẹ̀ ẹ́ kó padà sí òdo. So òkúta náà mọ́ okùn tẹ́ẹ́rẹ́, rì í bọ omi pátápátá, má jẹ́ kó kan ìsàlẹ̀ ife tàbí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Iye tí òṣùwọ̀n bá kà ni ìwúwo omi tí òkúta náà tì kúrò. Fi pín ìwúwo ti gbígbẹ, wàá mọ iye ìlọ́po tí òkúta náà fi wúwo ju omi lọ.

ỌmọÌyàmọ̀yè

Ẹ ṣé gan-an ni, ẹ̀gbọ́n. Èsì rèé: ní gbígbẹ, gíráàmù 84.6. Nínú omi, 24.9. Ó já sí 3.4. Ìlà orí táìsì pupa rúsúrúsú, ibi tí a yún gan-an la fi ya á. Kò sí irin tó ń tàn. Àwọn hóró róbótó yẹn ni kò jẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀, torí mo kà á pé òkúta ọ̀run máa ń ní hóró róbótó nínú.

ÒkútaÌsánlú

Wàhálà tó wà nínú 3.4 nìyí: òkúta ọ̀run tó wọ́pọ̀ jù lọ wà láàárín 3.3 sí 3.7, òkúta irin Agbájà náà sì lè bọ́ síbẹ̀. Ìwúwo nìkan ò lè dájọ́. Akọ òkúta lásán máa ń wà ní nǹkan bí 2.7, hematite tí kò ní àbùlà 5.2, irin ọ̀run gidi nǹkan bí 7.8.

Hóró yẹn ló máa yanjú ọ̀rọ̀ fún ọ. Fi gíláàsì tó ń sọ nǹkan di ńlá, ìlọ́po 10, wo ọ̀kan tó ti là sí méjì. Hóró ti Agbájà ní èèpo lórí èèpo bí àlùbọ́sà, torí pé inú omi ni irin ti ń lẹ̀ mọ́ ọn ní ìpele-ìpele. Hóró inú òkúta ọ̀run, chondrule, kò ní èèpo bẹ́ẹ̀: òkúta tó yọ́ tó sì dì lófuurufú ni, nígbà tí wàá bá sì là á, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ bí abẹ́bẹ̀ tàbí kírísítà wẹ́wẹ́ ni wàá rí nínú rẹ̀.

Ìlà pupa, kò sí irin, hóró alálùbọ́sà: òkúta irin Agbájà ni. Má sọ ọ́ nù o. Kọ ibi tí wọ́n ti rí i àti ìwúwo rẹ̀ sí i lára, kí o máa fi ṣe àfiwé. Ẹni tó ní irú rẹ̀ nílé yóò tètè dá èké mọ̀.

ÌyáAláṣọBùnú

Ẹ jẹ́ kí n fi kún un, kí ẹnikẹ́ni má baà gbé ẹdùn àrá wá pé òkúta ọ̀run ni. Ẹdùn àrá tí à ń hú jáde lóko, tó mú lẹ́nu kan, tó sì dán, àáké òkúta tí àwọn ará ìgbàanì fi ọwọ́ gbẹ́ ni. Ó níyì lọ́nà tirẹ̀, àwọn onímọ̀ nípa ohun àtijọ́ ló yẹ kó rí i, ẹ má fi sáńpépà yún un, ẹ má sì tà á fún àlejò.

AwòÒfuurufú_Kàbà

Mo gba gbogbo ohun tí ẹ̀gbọ́n sọ, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kìlọ̀ lórí mágnẹ́ẹ̀tì. Èyí tí wọ́n tú lára spíkà àti neodymium kékeré tó lágbára, ẹ má fi kan òkúta tí ẹ bá rò pé ó lè jẹ́ gidi. Òkúta ọ̀run máa ń tọ́jú ipa mágnẹ́ẹ̀tì ibi tó ti wá, láti ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn. Ìfọwọ́kàn kan péré ti pa ìtàn yẹn rẹ́, kò sì ṣeé dá padà. Abẹ́rẹ́ kọ́ńpáàsì ni kí ẹ fi wò: ẹ gbé e kalẹ̀, ẹ sún òkúta náà mọ́ ọn díẹ̀díẹ̀, bó bá yí, irin wà nínú rẹ̀.

Fún òkúta òṣùpá pàápàá, mágnẹ́ẹ̀tì kò sọ nǹkan kan. Irin inú rẹ̀ kéré débi pé ọ̀pọ̀ nínú wọn kò fà mọ́ ọn rárá. Ẹni tó bá ń ta "òkúta òṣùpá" tó ń fi mágnẹ́ẹ̀tì gbé e sókè nínú fídíò láti fi hàn pé gidi ni, ẹ fi í sílẹ̀.

ÀpòÌwé_Mopa

Ó ku ọ̀rọ̀ "eruku Apollo 11". Má rà á, ọmọ Ìyàmọ̀yè. Kì í ṣe torí owó nìkan.

Ìrìn-àjò Apollo mẹ́fà ló bà sórí òṣùpá láàárín 1969 sí 1972, òkúta àti erùpẹ̀ tí wọ́n gbé bọ̀ jẹ́ kìlógíráàmù 382. Ohun ìní ìjọba Amẹ́ríkà ló fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo rẹ̀. Wọn kì í tà á fún ẹnikẹ́ni. Ẹ̀bùn wẹ́wẹ́ ni wọ́n fún orílẹ̀-èdè 135 lára ti Apollo 11, orílẹ̀-èdè tó gbà á ló ni ín, kì í ṣe ẹnì kan. Nígbà tí ọ̀kan láti Apollo 17 tí wọ́n fún Honduras, gíráàmù 1.142, bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ tà á, ńṣe ni àwọn agbófinró Amẹ́ríkà dẹ pàkúté sílẹ̀ ní 1998, tí wọ́n sì gbà á. Òfin tí Amẹ́ríkà ṣe ní 2012 gbà kí àwọn arìnrìn-àjò òfuurufú ìgbà ètò Mercury, Gemini àti Apollo ní ohun tí wọ́n kó pa mọ́ bí ìwé àti ohun èlò, ṣùgbọ́n ó yọ òkúta òṣùpá sílẹ̀.

Ọ̀nà méjì tí nǹkan irú rẹ̀ ti gbà dé orí gbàǹjo láìrú òfin ṣọ̀wọ́n gidigidi. Hóró mẹ́ta tí ọkọ̀ Luna 16 ti ilẹ̀ Soviet gbé wálé ní 1970 wà lọ́wọ́ opó Sergei Korolev, olórí àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ òfuurufú Soviet. Sotheby's, ilé gbàǹjo, tà á ní 1993 ní dọ́là 442,500, ó tún tà á ní 2018 ní dọ́là 855,000. Ìkejì ni àpò aṣọ tí Neil Armstrong, ẹni àkọ́kọ́ tó rìn lórí òṣùpá, fi kó erùpẹ̀ àkọ́kọ́: ẹnì kan rà á ní gbàǹjo ìjọba ní dọ́là 995, ilé ẹjọ́ ló sọ pé tirẹ̀ ni, ó sì tà á ní 2017 ní nǹkan bíi mílíọ̀nù dọ́là 1.8. Ìyẹn ni iye tí ojúlówó ń lọ. Dọ́là 60 kò sún mọ́ ọn.

Ohun tó sábà máa ń wà nínú ìgò yẹn ni erùpẹ̀ àfarawé, bíi JSC-1A, tí wọ́n fi eérú òkè ayọnáyèéfín ní Arizona ṣe fún ìdánwò ẹ̀rọ. Bí ẹni tó ń tà á bá kọ "àfarawé" sí i, kò sí ẹ̀bi. Bí kò bá kọ ọ́, jìbìtì ni.

ỌmọÌyàmọ̀yè

Ẹ ṣeun, sà. Tí ti Apollo kò bá ṣeé ní, ti ẹni tó ń ta ègé mílígíráàmù 250 ńkọ́? Báwo ni òun ṣe wá ní i?

AwòÒfuurufú_Kàbà

Ìyẹn ò rú òfin Apollo, torí òkúta náà fúnra rẹ̀ ló wá. Nígbà tí òkúta ńlá láti òfuurufú bá lu òṣùpá, àwọn àfọ́kù máa ń fò sókè tó bẹ́ẹ̀ tí òṣùpá ò lè fà wọ́n padà, díẹ̀ nínú wọn á sì já sílẹ̀ ayé. Èyí tí wọ́n kọ́kọ́ dá mọ̀ ni ALHA81005, gíráàmù 31.4, tí wọ́n rí lórí yìnyín Antarctica ní oṣù January 1982. Pé òkúta Apollo ti wà nílé láti fi ṣe àfiwé ló jẹ́ kí wọ́n dá a mọ̀. Lóde òní, aṣálẹ̀ Sàhárà ni ọ̀pọ̀ èyí tó wà lọ́jà ti wá, òun ni orúkọ wọn fi ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú NWA, ìyẹn Àríwá-Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, pẹ̀lú nọ́ńbà. Aṣálẹ̀ dára torí òjò ò pọ̀ níbẹ̀, òkúta dúdú sì hàn lórí iyanrìn. Níbi tiwa, òjò, gbòǹgbò àti yangí á ti gbé e mì kí ojú tó rí i.

Ọ̀rọ̀ satífíkéètì: ẹnikẹ́ni lè tẹ satífíkéètì jáde ní káfè. Ìwé tó ṣe pàtàkì ni Meteoritical Bulletin, àkọsílẹ̀ àgbáyé fún òkúta ọ̀run, tó wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Kí nọ́ńbà NWA kan tó wọ ibẹ̀ gẹ́gẹ́ bí òkúta òṣùpá, onímọ̀ ti gé e, ó ti yẹ̀ ẹ́ wò lábẹ́ ẹ̀rọ, wọ́n sì ti fi gíráàmù 20 tàbí ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀, èyíkéyìí tó bá kéré jù, pa mọ́ sí ilé ẹ̀kọ́ tàbí mùsíọ́mù. Ohun tí wọ́n ń wò ni ìṣirò irin sí manganese nínú pyroxene àti olivine, hóró méjì tó máa ń wà nínú òkúta: ti òṣùpá máa ń ga ju ti ayé àti ti Mars lọ.

Nítorí náà, kọ̀wé sí ẹni yẹn kí o tó sanwó, bi í ní nǹkan mẹ́rin. Nọ́ńbà NWA rẹ̀. Iye gbogbo òkúta náà tí wọ́n rí. Ọwọ́ ta ló ti rà á. Fọ́tò ègé yẹn gan-an, kì í ṣe ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, lórí òṣùwọ̀n. Wá nọ́ńbà náà nínú Bulletin. Bí ibẹ̀ bá kọ ọ́ pé chondrite ni, ìyẹn òkúta ọ̀run tó wọ́pọ̀, o ti mọ ohun tí o ń bá lò. Bó bá ní "a kò tíì ṣe ìwádìí rẹ̀, ṣùgbọ́n òṣùpá ni", ìméfò ló ń tà.

Ìrísí rẹ̀: èyí tó wọ́pọ̀ dà bí kọnkéré tí wọ́n fi òkúta wẹ́wẹ́ funfun pò sínú símẹ́ńtì eléérú. Àwọn funfun yẹn ní etí mímú, wọn kì í yípo bíi ti inú odò. Feldspar ni wọ́n, òkúta funfun ilẹ̀ gíga òṣùpá. Ìwúwo rẹ̀ sábà máa ń sún mọ́ 2.9, ó fúyẹ́ ju bí èèyàn ṣe lérò lọ. O lè rí ìlà funfun tẹ́ẹ́rẹ́ tó la ara rẹ̀ kọjá. Ẹfun aṣálẹ̀ ló wọ inú sáàsá rẹ̀. Bí ọtí kíkan bá kán sí i, á hó níbẹ̀, kò túmọ̀ sí pé ayédèrú ni, má sì dán an wò rárá lórí ègé tí o fi owó rà.

Ìṣirò owó: dọ́là 45 fún mílígíráàmù 250 jẹ́ dọ́là 180 fún gíráàmù kan. Bí ẹlòmíràn bá ń ta gíráàmù 1.2 ní dọ́là 130, gíráàmù kan jẹ́ nǹkan bí 108. Fi gíráàmù wé gíráàmù nígbà gbogbo. Ègé tí wọ́n gé tí wọ́n sì dán lójú kan máa ń wọ́n ju àfọ́kù lọ, torí ayùn ti sọ díẹ̀ di eruku.

ÒkútaÌsánlú

Ẹ má gbàgbé tiwa. Ọjọ́ 3 oṣù October 1962 ni òkúta kan já sí oko ní Zagami, ní ilẹ̀ Katsina, kìlógíráàmù 18. Láti Mars ni. Ègé Zagami wà ní mùsíọ́mù káàkiri ayé, àwọn tó ń kó òkúta jọ sì ń wá a gidigidi. Ọmọ Nàìjíríà tó bá ń kó òkúta ọ̀run jọ, ibẹ̀ ló yẹ kó fi ọkàn sí nígbà tí owó bá tó.

ÀpòÌwé_Mopa

Òótọ́ ni. Fún dọ́là 100 tó wà nílẹ̀ báyìí, mo ní ìmọ̀ràn kan tó sún mọ́ ilé.

NASA, àjọ òfuurufú Amẹ́ríkà, ní ibùdó ìtọpasẹ̀ ní Kánò nígbà kan fún Mercury, ètò àkọ́kọ́ tí wọ́n fi gbé èèyàn lọ sí òfuurufú. Nígbà tí John Glenn yí ayé po lẹ́ẹ̀mẹ́ta ní ọjọ́ 20 oṣù February 1962, Kánò wà lára àwọn ibùdó tó ń gbọ́ ohùn rẹ̀. Ní 1963, Nàìjíríà tẹ sítáǹbù méjì jáde lórí lílo òfuurufú fún àlàáfíà: ọ̀kan jẹ́ sísì kọ́bọ̀ ayé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ó gbé ọkọ̀ Mercury àti ibùdó Kánò, ìkejì jẹ́ ṣílè kan àti kọ́bọ̀ mẹ́ta, ó gbé sátẹ́láìtì Syncom àti ọkọ̀ ojú omi Kingsport ní èbúté Èkó. Ipasẹ̀ Kingsport àti Syncom 2 ni Tafawa Balewa àti Ààrẹ Kennedy fi bá ara wọn sọ̀rọ̀ lórí tẹlifóònù ní ọjọ́ 23 oṣù August 1963. Àwọn sítáǹbù yìí kò wọ́n. Wá èyí tó wà lórí àpò ìwé ọjọ́ àkọ́kọ́ (èyí tí wọ́n lu òǹtẹ̀ ní ọjọ́ tí sítáǹbù jáde), tí òǹtẹ̀ rẹ̀ ṣeé kà, tí gọ́ọ̀mù ẹ̀yìn rẹ̀ kò sì tíì fi àmì pupa hàn lójú ìwé.

Ṣọ́ra fún fọ́tò oníbuwọ́lù. NASA lo ẹ̀rọ Autopen láti buwọ́ lùwé fún àwọn tó kọ lẹ́tà béèrè. Bí o ṣe lè mọ̀ ọ́n: wá fọ́tò ìbuwọ́lù méjì mìíràn ti ẹni kan náà, gbé wọn léra lórí kọ̀ǹpútà. Ọwọ́ èèyàn kì í buwọ́ lùwé lọ́nà kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Bí ìlà bá bá ìlà mu láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ẹ̀rọ ni. Wo ibi tí gègé ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí: ẹ̀rọ máa ń fi àmì róbótó sílẹ̀ níbẹ̀ torí ó dúró kó tó gbéra, ìlà rẹ̀ sì nípọn bákan náà jálẹ̀. Ti Armstrong ló léwu jù, ó dẹ́kun bíbuwọ́ lùwé fún àwọn èèyàn ní 1994.

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ pé ohun kan "fò lọ sí òfuurufú", bi í léèrè ìwé tó so nọ́ńbà ara nǹkan náà mọ́ ìrìn-àjò yẹn. Mẹ́dà fàdákà tí iléeṣẹ́ Robbins ṣe, tí àwọn arìnrìn-àjò Apollo gbé lọ, ní nọ́ńbà lára. Àmì aṣọ tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù kò ní, iye rẹ̀ kò sì ju ti aṣọ lọ.

ÌyáAláṣọBùnú

Ta ló máa sọ fún un bó ṣe máa tọ́jú wọn? Òjò wa láti oṣù April dé October kì í ṣe ọ̀rẹ́ ìwé, ìkán àti kòkòrò ìwé náà ńkọ́.

AwòÒfuurufú_Kàbà

Ẹ ṣé, Màmá. Àpótí méjì ló yẹ kó ní, kì í ṣe ọ̀kan.

Ti òkúta: abọ́ oníike tó ní rọ́bà ní ìdérí, lítà 2, pẹ̀lú gíráàmù 50 silica gel, hóró tó ń fa ọ̀rinrin mu, irú èyí tó ń yí àwọ̀. Ra ẹ̀rọ kékeré tó ń ka ọ̀rinrin, gbé e sínú rẹ̀, kó má kọjá ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún. Nígbà tí hóró náà bá yí láti àwọ̀ ọsàn sí àwọ̀ ewé, ó ti mu omi yó. Tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ sínú ófìnnì, ìwọ̀n ooru 110 sí 120 ti Celsius, wákàtí méjì sí mẹ́ta. Bí ooru bá pọ̀ jù, àwọ̀ tó ń sọ̀rọ̀ yẹn á jóná, o ò ní mọ ìgbà tó yó mọ́. Òkúta òṣùpá kì í tètè dípẹtà nítorí irin rẹ̀ kéré, ṣùgbọ́n irin ọ̀run àti chondrite á hu ìpẹtà láàárín òjò kan péré bí o bá fi ọwọ́ tó làágùn kàn wọ́n. Má fi omi fọ̀ wọ́n.

Ti sítáǹbù: má fi silica gel kún un báyẹn. Bó bá gbẹ jù, gọ́ọ̀mù á sán, ìwé á ká. Bó bá rin jù, á lẹ̀ mọ́ ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Láàárín ìdá 45 sí 55 ló dára. Rọ́bà polyester ni kí o fi wọ̀ ọ́, má lo èyí tó rọ̀ tó ń rùn bíi rọ́bà tuntun. PVC nìyẹn, ó máa ń tú òróró sára ìwé. Ní òró ni kí o tò wọ́n, kì í ṣe ní dídùbúlẹ̀ léra wọn. Kó àpótí náà kúrò lára ògiri, kí o gbé e lé orí irin, kó má lé ilẹ̀. Nígbà ọyẹ́, ṣí ìdérí ti sítáǹbù wò lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, torí afẹ́fẹ́ ìgbà yẹn lè mú ọ̀rinrin lọ sí ìsàlẹ̀ 30.

ỌmọÌyàmọ̀yè

Ó ti yé mi yékéyéké. Àpò ìwé 1963 ni màá kọ́kọ́ wá. Ẹni tó ń ta ègé náà ti fi nọ́ńbà NWA ránṣẹ́, mo rí i nínú Bulletin, òṣùpá ni wọ́n kọ síbẹ̀, feldspathic breccia, ìyẹn àfọ́kù òkúta tó lẹ̀ pọ̀ tó kún fún feldspar. Ó ku kí n gba ẹrù. Kí ni kí n ṣe lọ́jọ́ tó bá dé?

AwòÒfuurufú_Kàbà

Sọ fún un kó kọ òótọ́ sára ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù: ègé òkúta fún àkójọ, pẹ̀lú iye tí o san. Bó bá kọ "ẹ̀bùn" tàbí dín iye rẹ̀ kù, tí ẹrù bá sọnù, o ò ní ẹ̀rí láti gba owó padà.

Nígbà tó bá dé, má tíì ṣí ìgò inú. Ya fọ́tò páálí, lẹ́yìn náà ìgò náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rúlà. Ṣí i lórí bébà funfun nínú yàrá tí fáànù ò ti ń ṣiṣẹ́, torí mílígíráàmù 250 kò ju hóró àgbàdo kékeré kan lọ, bó bá bọ́ sórí símẹ́ńtì, àwọ̀ wọn ti jọra. Òṣùwọ̀n tó ń ka mílígíráàmù ni kí o lò, kì í ṣe ti góòlù tí a fi wọn ti Agbájà. Fi fọ́tò ègé náà wé èyí tó fi ránṣẹ́: wá òkúta wẹ́wẹ́ funfun mẹ́ta tó tóbi jù, kí ipò wọn bára mu. Lẹ́yìn náà, fi pẹ́ńsù kọ nọ́ńbà NWA, ìwúwo, ọjọ́ àti orúkọ ẹni tó tà á sórí káàdì kan, kí o jẹ́ kí káàdì yẹn máa gbé inú abọ́ kan náà pẹ̀lú òkúta rẹ̀. Ègé tí káàdì rẹ̀ ti sọnù, kò sí ẹni tó máa rà á ní iye òkúta òṣùpá mọ́.